Ẹ̀kọ́ Iná Kì Í Ṣe Ti Ọjọ́ Kan

Ọjọ́ tí àwọn panápaná bá wá sí ilé ẹ̀kọ́, inú àwọn ọmọ máa ń dùn bí ẹni pé ọdún dé. Wọ́n á gun ọkọ̀ ńlá, wọ́n á dé akoto, wọ́n á ya fọ́tò, òṣìṣẹ́ panápaná kan á sì bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìyẹn dára, mi ò ní kí wọ́n má wá mọ́. Àmọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ bi àwọn ọmọ yẹn pé kí ni wọ́n máa ṣe bí iná bá sọ nínú ilé wọn. Púpọ̀ nínú wọn á dáhùn pé, "A ó dúró, a ó dùbúlẹ̀, a ó máa yí gbirigbiri." Ìdáhùn gidi ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ló ni ín. Ẹni tí iná bá ràn mọ́ láṣọ ló ń yí nílẹ̀. Ẹni tí ilé ń jó, tí aṣọ ọrùn rẹ̀ ò jó, kó jáde ni.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Àwa àgbà la fún un ní àṣẹ láìsọ ìdí rẹ̀, èyí tó dùn ún kọ lórin ni orí rẹ̀ sì gbà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mi ò sì gbà pé àṣẹ nìkan lè yọ ọmọ nínú iná. A sọ fún un pé kó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Tó bá débẹ̀ tí ilẹ̀kùn ti gbóná ńkọ́? Àṣẹ ti parí síbẹ̀ nìyẹn. Ìdí ló máa sọ ohun tó kàn fún un, ìdí ọ̀hún kò sì gbé ojú kan ṣoṣo. Díẹ̀ wà nínú sáyẹ́ǹsì, díẹ̀ wà nínú ìṣirò, díẹ̀ wà nínú ìtàn, díẹ̀ sì tún wà níbi tí èèyàn kò ní fọkàn sí, bí eré ṣíṣe àti àwòrán yíyà. Nítorí náà ni mo ṣe ń fọ́n ẹ̀kọ́ iná ká inú gbogbo iṣẹ́ tí mò ń kọ́ wọn.

Sáyẹ́ǹsì ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Àbẹ́là kan ti tó. Ní ọdún 1848, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àbẹ́là lásán ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní Royal Institution ní ìlú London lásìkò Kérésìmesì, ó sì tún padà sórí rẹ̀ ní ìparí ọdún 1860. Bí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ bá rí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sọ nípa àbẹ́là, èmi náà á rí ti ogójì ìṣẹ́jú sọ. Mo máa ń tàn án, kí ó jó dáadáa, mo á wá fẹ́ ẹ pa, mo á sì yára mú ìṣáná tó ń jó sún mọ́ èéfín funfun tó ń gòkè láti ara òwú rẹ̀. Iná á gba inú èéfín yẹn fò padà sórí òwú, láìjẹ́ pé ìṣáná kan òwú rárá. Àwọn ọmọ á pariwo. Ìgbà yẹn ni mo máa ń bi wọ́n pé kí gan-an ló jó. Ìda tó le kọ́. Ìda tó ti yọ́, tó sì ti di oru, ló ń jó.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà kò jìn mọ́ dé yàrá tí à ń sùn. Àga tìmùtìmù, aṣọ fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ló ń tú oru tó lè gbiná jáde bí ooru bá ti pọ̀ lára wọn, kí iná tó fọwọ́ kàn wọ́n pàápàá. Èéfín dúdú tó ń ṣú lábẹ́ àjà, ohun tó lè jó ló kún inú rẹ̀. Bí ooru ibẹ̀ bá wá tó nǹkan bí 500 sí 600°C, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá lè gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá rí iná tó fò lórí àbẹ́là kò nílò àlàyé gígùn kó tó mọ̀ pé iná tó wà ní igun kan kì í jókòó sí igun náà kó máa dúró dè é.

Ìgò tí wọ́n ń dé lé àbẹ́là lórí, mo ní ẹjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé tó ń kọ́ ọ. Wọ́n á gbé àbẹ́là sínú àwo omi, wọ́n á da ìgò bò ó, iná á kú, omi á gòkè nínú ìgò, wọ́n á wá ní ọ́síjìn ló tán tí omi fi gba àyè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ló tutù tó sì súnkì, òun ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà sókè. Ọ́síjìn ṣì kù níbẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, iná àbẹ́là sì máa ń kú nígbà tó bá sún mọ́ ìdá 16. Kì í dúró kó tán pátápátá. Mo ń fi àkókò ṣòfò lórí àtúnṣe yìí nítorí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: bí iná kò bá nílò kí afẹ́fẹ́ tán kó tó rẹ̀, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí a fà dé lẹ́yìn nígbà tí a ń jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì kù lẹ́yìn wa, ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó ń fi afẹ́fẹ́ du iná, ó sì ń dá èéfín dúró.

Epo gbígbóná tó gbiná ńkọ́? Ìyẹn, mi ò jẹ́ ṣe é hàn wọ́n, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan dán an wò nínú kíláàsì. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ti tó. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa rì sí, epo tó ń jó sì ti gbóná kọjá 100°C tí omi fi ń hó fíìfíì. Omi á di oru lójú ẹsẹ̀, oru náà á sì gba àyè tó tó ìlọ́po 1,700 ti omi tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun ló ń gbé epo oníná dà sí ara ẹni tó bu omi. Iṣẹ́ ọmọ níbẹ̀ ni kó sá sẹ́yìn kó sì pe àgbà. Iṣẹ́ àgbà ni kó pa iná ìdáná, kó fi ìdérí bo ìkòkò, kó má sì gbé e kúrò lójú kan.

Nígbà tí a bá dé orí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà sí èéfín, nítorí òun ló ń pa èèyàn jù nínú iná ilé. Gáàsì carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá mí i sínú á kọ́kọ́ dàrú lọ́pọlọ, kó tó mọ̀ pé òun ń kú lọ. Àwọn ọmọ máa ń sọ fún mi pẹ̀lú ìgboyà pé, "Tísà, mo máa gbóòórùn rẹ̀, mo máa jí." Imú ẹni tó sùn kì í jí i. Nítorí ẹ̀ ni a fi ń fi aláàmù èéfín sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́: ọ̀pọ̀ ọmọdé ni kì í jí sí igbe aláàmù, bó ti wù kó han tó. A jẹ́ pé ètò ilé gbọ́dọ̀ sọ àgbà tó máa lọ jí ọmọ wo. Kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Nínú kíláàsì ìṣirò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń béèrè pé ibo la ti máa rí àyè. Kò gba àyè. Àpẹẹrẹ ni mo ń pààrọ̀. Ìbéèrè àgbá tí omi ń kún, tó ti wà nínú ìwé láti ìgbà tí èmi náà wà ní kékeré, mo yọ ọ́, mo fi ìbéèrè iná rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé iná kan ń di ìlọ́po méjì ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì gba gbogbo yàrá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìgbà wo ló gba ìdajì yàrá? Púpọ̀ nínú wọn á ní ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ni. Ní ìṣẹ́jú méjì, ìdá kan nínú 16 péré ló ń jó, ẹni tó wò ó á sì rò pé òun ṣì láyè láti lọ mú báàgì. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n yà á sórí ìwé onígun kí wọ́n lè fi ojú rí i. Iye tí mo lò jẹ́ ti ìbéèrè, iná gidi kì í tẹ̀lé ìlànà tó gún régé bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ ìyẹn fún wọn. Àmọ́ àwọn olùwádìí UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ààbò ohun èlò wò ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé láyé àtijọ́, nígbà tí òwú àti igi pọ̀ nínú ohun èlò ilé, èèyàn lè ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 láti sá jáde. Lónìí tí fóòmù àti ike ló kún inú ilé, ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ìtàn ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní purọ́. Iná London ti oṣù kẹsàn-án ọdún 1666 bẹ̀rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì ní Pudding Lane, ó sì jó ilé tó tó 13,200 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin dé pé bíríkì àti òkúta ni kí wọ́n fi tún ìlú kọ́. Iná Chicago ti oṣù kẹwàá ọdún 1871 wúlò lọ́nà mìíràn, nítorí irọ́ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní màlúù ìyáàfin O'Leary ló fẹsẹ̀ gbá fìtílà. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí kankan, síbẹ̀ ẹ̀sùn yẹn ò kúrò lórí obìnrin náà títí ó fi kú, ọdún 1997 ni ìgbìmọ̀ ìlú Chicago tó dá a láre. Mo máa ń bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí ó fi rọrùn láti gbà pé òun ló fà á. Obìnrin ni, tálákà ni, àjèjì tó wá láti Ireland ni. Ìjíròrò yẹn máa ń gùn ju bí mo ṣe ṣètò lọ, mi ò sì ń dá a dúró.

Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, mo ń sọ ti ilé eré Iroquois, ní Chicago kan náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Ó lé ní 600 èèyàn tó kú, ọmọdé tó wà nínú ìsinmi sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà ní títì, àwọn kan ń ṣí sínú, aṣọ bo àwọn mìíràn. Èèyàn tó ń tì láti ẹ̀yìn kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú ṣeé ṣí. Àjálù yẹn ló mú kí Carl Prinzler, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò irin, bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ọ̀pá ìlẹ̀kùn tí èèyàn kàn máa fi ara tì tí á sì ṣí. Lẹ́yìn ìtàn yìí, a óò dìde, a óò lọ yẹ gbogbo ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ wò: èwo ló ń ṣí síta, èwo ló ń ṣí sínú, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ èyí tó wà ní títì. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì mú un lọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mi ò tíì rí ọ̀gá tó lè fojú fo ìwé tí ọmọ ọdún mẹ́wàá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ti iná ilé ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels, ní Chicago bákan náà, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1958, ọmọ 92 àti obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn mẹ́ta ló bá a lọ. Àtẹ̀gùn tí kò ní ilẹ̀kùn tó dá a dúró ló gbé èéfín lọ sí òkè. Èyí, àwọn olùkọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún. Mi ò ka iye òkú fún ọmọ kéékèèké. Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà jù kì í rántí nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rù náà.

Iṣẹ́ èdè rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, iná jó ilé kan ní Wimpole Street ní London, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan pe panápaná lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ìpè rẹ̀ ń dúró lórí ìlà láìsí ẹni tó gbé e. Inú bí i, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ náà ràn, nígbà tó sì di ọdún 1937, nọ́ńbà 999, tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London. Lẹ́tà kan ló bí i. Ìyẹn ti tó fún kíláàsì lẹ́tà kíkọ. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe eré ìpè: ọmọ kan á jẹ́ ẹni tó ń pè, òmíràn á jẹ́ ẹni tó gbé e. Kí ni kí a kọ́kọ́ sọ? Wọ́n á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, "Ẹ gbà wá o, iná ń jó!" Mo ní rárá, ibi tí ẹ wà ni kó ṣáájú, nítorí bí ìlà bá já lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí máa ń tú pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ àdírẹ́sì ilé wọn. Ìyẹn náà di iṣẹ́ àṣetiléwá.

Orin? Mi ò mọ orin kọ, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kàn bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má pa orin "yíyí gbirigbiri" pọ̀ mọ́ orin "jáde." Èyí ni ewu fífọ́n ẹ̀kọ́ ká: bí olùkọ́ kan bá ní kí wọ́n sá, tí òmíràn ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, ọmọ á dàrú ju ti ìgbà tí a kò kọ́ ọ rárá. A gbọ́dọ̀ jókòó, ká fẹnu kò lórí gbólóhùn kan náà ká tó wọ kíláàsì. Nínú eré ìdárayá, a ń ràkò lábẹ́ aṣọ tí a nà bí èéfín tó rọ̀ sílẹ̀, a sì ń yí nílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lójú, kìkì nígbà tí mo bá lẹ bébà pupa mọ́ ẹnìkan láṣọ. Ẹni tí kò ní bébà pupa tó bá yí, ó ti jáde nínú eré nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń sọ ti ara tó bá jó: omi tútù tó ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe òróró, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Àwòrán àti eré orí ìtàgé ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọdé máa ń sá pamọ́ nígbà tí ilé bá ń jó, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Lójú tiwọn, ohun tí wọn kò rí kò lè rí wọn. Ẹni tó sì wá gbà wọ́n á wọ ìbòjú, á gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn, á máa mí hùn-ùn, hùn-ùn nínú èéfín. Èwo ni ọmọ ọdún márùn-ún á bá pàdé tí kò ní sá? Bí àwọn panápaná bá tún wá, mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí ọ̀kan nínú wọn wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ, ní díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n rí ojú rẹ̀ kí ìbòjú tó bò ó, kó sì pe orúkọ wọn láti inú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, a yà á. A tún ṣe é ní eré.

Ọmọ mìíràn tún wà tó ń sá pamọ́ nítorí pé òun ló ṣá ìṣáná. Ẹ̀rù ìyà ń bà á ju ẹ̀rù iná lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Bí ọmọ bá mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ni "Ta ló ṣe é?", kò ní jáde. Mo ń sọ ọ́ nínú kíláàsì ìwà ọmọlúàbí lọ́rọ̀ tó ṣe kedere: ẹni tó bá wá sọ pé iná wà, kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ ẹ́, kódà bó bá jẹ́ òun ló dá a sílẹ̀. Olùkọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀. Àwọn kan ní mò ń ba ọmọ jẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ó ku jọ́gíráfì. Máàpù ni: kí ọmọ ya ilé rẹ̀ bí ẹyẹ ṣe máa rí i láti òkè, kí ó fi ọfà méjì jáde nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sàmì sí ibi tí gbogbo ilé á ti pàdé níta. Nígbà tí a bá ń ṣe ìdánrawò sísá jáde ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń lẹ bébà "iná wà níbí" mọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ jù láìsọ fún wọn. Àwọn tó ti ya máàpù á dúró díẹ̀, wọ́n á sì yà sí ọ̀nà kejì. Àwọn kéékèèké á wo ojú olùkọ́ wọn, bó sì ṣe yẹ kí ó rí ní ọjọ́ orí wọn nìyẹn. Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ àti ọmọ tí kò gbọ́ràn gbọ́dọ̀ wà nínú ètò yẹn látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àgbà tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àmọ́ máàpù ilé ló ń fún mi ní wàhálà jù. Àwọn kan máa ń padà wá pẹ̀lú ọfà kan ṣoṣo nínú yàrá, nítorí pé irin ìdènà olè ló bo fèrèsé, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣí i láti inú. Ọmọ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti rí i, ó ti yà á. Mi ò lè fún un ní ọfà kejì nínú kíláàsì. Lẹ́tà ni mò ń kọ sí òbí rẹ̀, pé kí wọ́n pe oníwẹ́dà kó gé irin náà, kó so ó mọ́ ìdè tó ń ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́, mo sì ń fi máàpù ọmọ wọn mọ́ ọn. Àwọn kan ń fèsì. Àwọn tí kò fèsì, mo ń tún un kọ sí wọn ní tọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e.